Àárọ̀ Tí Ẹ́ńjìnnì Mu Epo Yó

Jẹ́ ká ṣí fìlà, ká dìde dúró, ká yin ọkùnrin Èkó tí mọ́tò rẹ̀ kú sójú títì. Kò ní sáré, kò ní pariwo. Á sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, á ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà bí ọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín àwọn ìjòyè. Á fi ìka kan wáyà kan, á gbọn orí, á pòṣé. Á wá sọ gbólóhùn tó kó gbogbo ọgbọ́n ayé mọ́ra: "Mo ti rí i." Kò rí nǹkan kan. Ohun dúdú kan tí epo bò, tó ń gbóná, ló rí. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró yẹn, bó ṣe fọwọ́ lérán yẹn, bí ìjọba bá mọ iyì ohun tó níyì, irú ojú bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tẹ̀ sára owó.

Ọ̀gá pátápátá nínú iṣẹ́ wíwo ẹ́ńjìnnì ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nígbàkígbà tí mo bá rántí ilé wọn ní Thomas Estate, kì í ṣe òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń kọ́kọ́ wọ imú mi bí kò ṣe òórùn epo bẹntiróòlù, tó máa ń jáde láti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ pálọ̀, tó sì ń bà lé ìrọ̀rí àga. Mo ń gbé yàrá kan lẹ́yìnkùlé wọn nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì ní yunifásítì, oyè tó fún mi láṣẹ láti fi gbogbo ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ láìṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń bọ́ mi. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Bùọ̀dá, ló ń fara dà mí.

Mọ́tò Bùọ̀dá dàgbà jù mí lọ. Bàbá rẹ̀ ló rà á ní tuntun, kó tó fi sílẹ̀ fún un bí ẹni fi oyè sílẹ̀ fún àrẹ̀mọ. Funfun ni wọ́n pè é nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ti di ti eyín àgbàlagbà. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Kabúrétọ̀ ló ń lò, ohun èlò onírin kan bí ìkòkò kékeré tó jókòó sórí ẹ́ńjìnnì, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí iná tó ràn án. Bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ sítíárì tí wọ́n gbọ́dọ̀ fà síta láràárọ̀. Ṣóòkì ni wọ́n ń pè é. Bí o bá fà á, afẹ́fẹ́ á dín kù, epo á pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì tutù á jí. Bó bá wá ti gbóná díẹ̀, o gbọ́dọ̀ tì í padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo á pọ̀ jù fún un, á sì rì sínú rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó o ní láti mọ̀ nípa ẹ̀rọ kó o tó lè gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Bùọ̀dá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbádùn nítorí rẹ̀.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, á tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, á fa wáyà tó ń gbé iná wá kúrò lórí púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kálukú ní wáyà tirẹ̀, á tú wọn, á fi sáńpépà họ orí wọn títí wọ́n á fi dán, á wá fi páálí ìṣáná wọn àlàfo tí iná ń gbà fò. Bí páálí bá wọlé fẹ́ẹ́rẹ́, ó dáa. Bó bá ní àyè jù, á fi sípánà lu orí púlọ́ọ̀gì díẹ̀, á tún wọ̀n ọ́n. Á tú kabúrétọ̀, á fi ẹnu fẹ́ àwọn ihò tín-ín-tín inú rẹ̀, ètè rẹ̀ á sì máa rùn fún epo di ọjọ́ Àìkú, tó bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe ń ṣe gbogbo èyí, á máa ka ẹ̀rọ náà bí ẹni ń ki ìran bàbá rẹ̀. "Sílíńdà mẹ́rin. Lítà kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí iná ṣe ń tò kàn wọ́n: ení, ẹ̀ta, ẹ̀rin, èjì." Á yíjú sí mi. "Àna mi, báwo ni iná ṣe ń tò?" Èmi náà á dáhùn bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: "Ení, ẹ̀ta, ẹ̀rin, èjì, sà." Lọ́kàn mi, mo ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ pamọ́ láti fi pa àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kó o mọ ibi tí à ń gbé kó o tó dá a lẹ́jọ́. Ní ẹsitéètì yẹn, jíìpù ni ènìyàn, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kàn ń bá a rìn ni. Aládùúgbò wa apá ọ̀tún ní ọ̀kan tó ń sọ̀rọ̀. Bó bá gbàgbé láti de bẹ́líìtì, jíìpù á bá a wí, òun náà á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ketekete, a máa ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Àwọn onílé àdúgbò kọ lẹ́tà sí Bùọ̀dá pé mọ́tò rẹ̀ ń kán epo sílẹ̀, ó sì ń dín iyì àyíká kù. Bùọ̀dá gbé agolo sàdín-ìn sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó wá kọ èsì olójú ewé mẹ́ta padà, tó fi ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rọ aláìní kọ̀ǹpútà fi sàn ju gbogbo jíìpù wọn lọ. Èmi ni mo bá a tún gírámà rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Mọ́tò yẹn kò gbọdọ̀ kú níṣojú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni Bùọ̀dá kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò ẹlòmíràn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Iṣẹ́ apoògùn ló fẹ́ kọ́. Ó ti ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìíní, máàkì rẹ̀ kò tó rárá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ku bíńtín. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó kàwé títí ọrùn rẹ̀ fi rù, tí ẹ̀gbọ́n mi á máa yọ́ wọ yàrá rẹ̀ lọ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Lọ́jọ́ kan tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, ó sọ fún mi láìwo ojú mi pé, "Ọ̀ńkù, bí èyí bá tún bọ́, mi ò ṣe mọ́ o. Mi ò lókun ẹ̀ mọ́." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ìmọ̀ràn tí oyè kejì rí fún un nìyẹn.

Awoyaya ni wọ́n pín in sí, ní iléèwé kan tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò náà. Aago méje àárọ̀ géérégé ni wọ́n máa ti géètì, lẹ́yìn ìyẹn kò sí àlàyé. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù láti alẹ́ àná, nítorí náà Bùọ̀dá ní òun fúnra òun ló máa gbé ọmọ lọ, kí èmi náà tẹ̀ lé wọn. "Ẹbí ló ń sin ọmọ lọ síbi ìdánwò," ló wí. Aago mẹ́fà kò tíì lù dáadáa tí a fi jáde. Ìrì ṣì wà lójú gíláàsì. Ọmọ náà jókòó sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ike kékeré kan tó kó ìwé ìdánwò rẹ̀ sí mú láyà. Bùọ̀dá fa ṣóòkì síta, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń ta pọ́pọ́ bí àgbàdo nínú ape gbígbóná.

Bí a ṣe dé géètì ẹsitéètì, a bá aládùúgbò wa nínú jíìpù rẹ̀. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ. Ṣé kí n bá yín já ọmọ sílẹ̀ ní Awoyaya?"

Tinútinú ni ọkùnrin náà fi sọ ọ́. Mo rí ọmọ náà tó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọba tí wọ́n fi búrẹ́dì àná lọ̀.

"A dúpẹ́ o. Ọkọ̀ wà."

"Kó kàn lè tètè dé ni, sà."

"Ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì yìí ná." Bùọ̀dá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó bú rámúramù. "Ṣé ẹ gbọ́? Sílíńdà mẹ́rin nìyẹn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa dédé ní òun ò ṣe mọ́ láàárọ̀ kùtù." Ó sì kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì fi ní kí àwọn alàgbà jọ̀ọ́ kúrò lọ́nà. Inú ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ló ti gbàgbé ṣóòkì síta.

A ti kọjá Ṣàngótẹ̀dó díẹ̀ nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé èéfín tí à ń tú dúdú bí ìdí ìkòkò. Òórùn epo gba inú mọ́tò. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó sì kú. Bùọ̀dá jẹ́ kó rọra yí bọ́ sẹ́bàá títì, níwájú ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tà. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ojú ẹsẹ̀ ni kórópe kan, àwọn básì pẹ́ńpẹ́ ọ̀nà yẹn, rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Awoyaya, ẹnì kan! Ẹnì kan péré o!" Ọmọ náà ti ṣí ilẹ̀kùn.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n wọ èyí."

"Jókòó. Ìṣẹ́jú méjì ni."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Mo ní ìṣẹ́jú méjì. Ṣé mo já ẹ kulẹ̀ rí?"

Ó wo ojú mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu mi ì bá tó láti jẹ́ kó lọ, nítorí Bùọ̀dá máa ń gbọ́ tèmi, ó ka oyè mi sí. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀, jàre. Púlọ́ọ̀gì lásán ni." Kórópe náà lọ.

Bùọ̀dá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. O mọ̀ pé bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti ṣí lójú títì Èkó, àwọn ọ̀mọ̀ràn á hù láti inú ilẹ̀ bí olú. Ọ̀kan tó di búrẹ́dì mú lọ́wọ́ ní kọ́ìlì ni. Òmíràn tó wọ kóòtù, tó ń lọ síbi iṣẹ́, ní pọ́ńpù ni, pé irú rẹ̀ ni ọ̀gá òun ń wà nígbà tí òun wà ní yunifásítì. Bàbá kan ní epo burúkú ni, ó sì fi àyè sílẹ̀ láti bú ìjọba díẹ̀. Olúkúlùkù wọn gbọn orí, olúkúlùkù fi ìka kan nǹkan, olúkúlùkù sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó wo abẹ́ sítíárì.

Èmi ni mo ní ká tú púlọ́ọ̀gì. A fa wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lórí wọn, a tú wọn. Wọ́n rin gbindin fún epo, wọ́n dúdú bí èédú. Bùọ̀dá fi aṣọ nù wọ́n, ó fi sáńpépà họ wọ́n, ó tiẹ̀ wá páálí ìṣáná jáde láti wọn àlàfo wọn, bí ẹni pé Sátidé ni, bí ẹni pé a ní gbogbo ọjọ́ níwájú. Ó ti dá wọn padà sínú ihò wọn tán nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò láti dá a lóhùn.

"Ẹ ti dé?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi le débi tí mo gbọ́ ọ níbi tí mo wà.

"A ti fẹ́ẹ́ dé."

"Mò ń gbọ́ ariwo títì o."

"Ojú ọ̀nà la wà. Ọmọ wà pẹ̀lú mi, ara rẹ̀ le koko."

Ọmọ tí ara rẹ̀ le koko ti bọ́ sílẹ̀, ó dúró sẹ́bàá títì, ó ń nawọ́ sí gbogbo kórópe tó ń kọjá. Kò sí èyí tó dúró. Ní àsìkò yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ti kún inú wọn fọ́fọ́, àwọn mìíràn rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ń ju ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń rì sómi, ike ìwé rẹ̀ sì há mọ́ abíyá rẹ̀.

Nígbà tí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti padà sórí púlọ́ọ̀gì, Bùọ̀dá jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì yìnbọn: gbòó! Iná kékeré yọ lẹ́nu kabúrétọ̀. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó tún yí i. Gbòó! Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tún gbìyànjú," ni mo wí.

"Kò yẹ kó máa yìnbọn," ni Bùọ̀dá wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó wo ẹ́ńjìnnì náà láìṣe bí ọba. Ojú ẹni tí ilé ń jó níṣojú rẹ̀ ló fi ń wò ó.

"Dádì, aago méje ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ọmọ náà kò sunkún. Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ìgbà tí èèyàn ń ka nọ́ńbà. "Ẹ bá mi dá ẹnì kan dúró. Ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi bẹ ẹnì kan."

Bùọ̀dá sáré bọ́ sójú títì. Ọkùnrin tó kọ jíìpù láàárọ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì dá jíìpù dúró báyìí. Wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún epo, wọ́n rí ẹ̀wù rẹ̀ tó ti rí bákan, wọ́n gbé gíláàsì wọn sókè. Ọ̀kan tiẹ̀ tẹ fèrè fún un. Mo dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo di aṣọ ìnuwọ́ mú, mo ń nu ohun tí kò ṣe nǹkan kan.

Àwọn birikilà mẹ́rin kan jókòó sórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù nítòsí, ṣọ́bìrì wọn wà níwájú wọn, wọ́n ń retí ẹni tó máa gbà wọ́n síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, dìde, ó rìn wá.

"Ẹ̀yin alàgbà, mo ti ń wò yín látìgbà tẹ́ ẹ ti dé. Kí lẹ ń wò nínú ẹ̀ gan-an?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ìwé ìròyìn ni wọ́n ń kà!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Ohùn oyè kejì ni mo fi bi í.

"Irú ẹ̀ ni mo fi kó iṣu wá láti Ṣakí fún ọdún mẹ́jọ, kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ sún."

Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ibi sítíárì ló kọ́kọ́ lọ. Ó tẹ orí wo abẹ́ rẹ̀, ó sì figbe ta: "Haa! Ṣóòkì rèé níta gbọnran! Epo lẹ ń rọ fún un látilé bọ̀! Ó ti mu ún yó, kò lè dìde mọ́!" Ó tì í wọlé. Bùọ̀dá, tó ti sáré padà dé, fi ọwọ́ dúdú náà bo ẹnu. Ọkùnrin náà wá bọ́ síwájú, ó fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti orí púlọ́ọ̀gì dé ibi tí iná ti ń pín. Ó kọjá èkíní. Ó dúró lórí èkejì. Ó wo ẹ̀kẹta. Ó fa àwọn méjèèjì yọ, ó sì pààrọ̀ àyè wọn.

"Ta ló to wáyà yìí?"

Tírélà kan kọjá, ilẹ̀ mì.

"Èmi ni," ni Bùọ̀dá wí.

"Bàbá, ẹ ò ṣe kúkú lọ́ ọ lọ́rùn? Wáyà èjì lẹ kì bọ ẹ̀ta lórí. Òun ló ṣe ń yìnbọn lù yín. Bó ṣe ṣóòkì nìkan ni, ì bá ti tán tipẹ́." Ó wo ọmọ náà tó dúró lẹ́bàá títì, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìdánwò ló ń lọ ṣe? Ẹ wọlé. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ má yọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá tì!"

Àwọn birikilà náà ti wa. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré ló ń wúkọ́, ó tu èéfín kan tó tóbi tó ilé, ó sì jí. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bùọ̀dá wa mọ́tò yẹn bí n kò ṣe rí kó wà á rí. Mo ń gbọ́ tí ọmọ náà ń ka àdúrà kan ṣoṣo léraléra lẹ́yìn mi, kì í parí rẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. A ti ń rí Awoyaya nígbà tí típà tó kó yanrìn fẹ́ yí padà, tó dábùú títì. A dúró. Kò sí ibi tí a lè gbà. Ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tí àwọn ènìyàn fi bò ó.

Nígbà tí a dé géètì iléèwé náà, ó dúró níwájú rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ́ irin géètì. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wà nínú lọ́hùn-ún, kò dàgbà tó mọ́tò wa.

Bùọ̀dá kò sọ̀rọ̀ kankan nípa ẹ́ńjìnnì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pupa náà.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, sà. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ yìí. Ó ti jí láti aago mẹ́ta."

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n gba èpè láàárọ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà ló ti ti orúkọ pa. Bí mo bá tiẹ̀ ṣí géètì, kò ní gbà á wọlé."

"Ẹ kàn bá mi pe ọ̀gá yín."

"Ọ̀gá ló ní kí n tì í, sà."

Lẹ́yìn wa, mọ́tò tí a kò lè pa nítorí bátìrì dúró, ó ń mí lọ jẹ́ẹ́jẹ́. N kò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Bí o bá gbé ife omi sórí rẹ̀, kò ní dà.

Ọmọ náà jókòó sórí òkúta kan, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó so okùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ kan. Ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó fà á lápá. "Dádì, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ojú kan tó fi wo ọmọ rẹ̀ ti tó fún un. Kò pariwo. Ó bi àwa méjèèjì léèrè pé, "Ta ló fà á?" Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ife omi wà lọ́wọ́ mi. Bùọ̀dá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta lọ́jọ́ náà. "Èmi ni." Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá onílé sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò ṣe ìdánwò yẹn mọ́. Lónìí, ó ń tajà ní ilé oògùn kan ní Ṣàngótẹ̀dó, ó ń ka ìwé tí dókítà kọ, ó ń na ọwọ́ sórí pẹpẹ mú oògùn láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn aláìsàn ń pè é ní dókítà. Ẹlòmíràn tó kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì ló ń wá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo ń bá a ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó máa ń ṣàlàyé fún mi bí mo ṣe máa lò ó, ohùn rẹ̀ a máa gbẹ bíi ti àárọ̀ yẹn.

Bùọ̀dá kò ta mọ́tò náà, kò sì wà á mọ́. Ó fi ọ̀rá ńlá kan bò ó. Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá, kò sí òórùn epo nínú pálọ̀ mọ́. Àwọn onílé kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí i.

Èmi ńkọ́? Mo rí iṣẹ́ olùkọ́, mo kó kúrò lẹ́yìnkùlé, mo sì sọ àárọ̀ náà di àwàdà. Mo mọ̀ ọ́n sọ. Bí ẹbí bá ti péjọ lọ́dún Kérésì, wọ́n á ní kí n sọ ti ọkùnrin tó ń ki wáyà mẹ́rin bí oríkì fún ogún ọdún, tó wá kì wọ́n bọ ibi tí kì í ṣe tiwọn lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ. Mo máa ń fi ẹnu yìnbọn. Mo máa ń ṣe bí birikilà ará Ṣakí. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Bùọ̀dá náà máa ń rẹ́rìn-ín, òun ló tiẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á dìde, á lọ wo ohun tó wà lórí iná.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tí mo fi ń ṣe ẹ̀sín yẹn ló ń bò mí láṣìírí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ènìyàn tó ń to wáyà mẹ́rin ní gbogbo Sátidé kò lè ṣì wọ́n tò, bó ti wù kí ìbẹ̀rù mú un tó. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ níwájú birikilà náà. Kò bi mí léèrè rí, bẹ́ẹ̀ ni kò wò mí lójú bí ẹni ń retí nǹkan. Mo máa ń rò pé ó kàn rò ó pé mọ́tò òun ni, ọmọ òun ni, kí ẹ̀bi náà kúkú jẹ́ ti òun. Mo ti fi ẹnu mi ṣí aṣọ lára àwọn olówó, àwọn pásítọ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn onílé àdúgbò, wọ́n sì ń pè mí ní olóòótọ́ ọ̀rọ̀.

Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún láàárọ̀ yẹn, tó rìn lọ sẹ́yìn mọ́tò, wáyà mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n jọra. Èkíní àti ẹ̀kẹrin dá mi lójú, méjì tó kù kò dá mi lójú. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni Bùọ̀dá wà sí mi, mo lè pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wò mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n rò pé mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo to wáyà náà.